Ilé Wo Là Ń Wò Ká Tó Sọmọ Lórúkọ?

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ohun tí wọ́n ń wí kò ṣòro. Ilé ọba ló ń bí Adébáyọ̀, ilé ọdẹ ló ń bí Ọdẹ́wálé, ilé onílù ló ń bí Àyánwálé. Ilé ló ń bí orúkọ, orúkọ kì í bí ilé. Àwọn ọmọ ìwòyí tó ń jápa kò kọ òwe yìí sílẹ̀ o, wọ́n dì í mú ṣinṣin. Bí nọ́ọ̀sì kan ní Ìbàdàn bá gba lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ méjì lọ́wọ́ NHS, iléeṣẹ́ ìlera ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, tí ọ̀kan wá láti Lọ́ńdọ̀n, tí èkejì wá láti Manchester, ilé náà ló máa wò kó tó mú ọ̀kan. Àṣìṣe rẹ̀ ò ju ẹyọ kan lọ: ilé tó fẹ́ fi sílẹ̀ ló ń wò, kò wo ilé tó fẹ́ lọ gbé. Ó ń wo ojú ìyá rẹ̀, ojú àwọn ọmọ ìjọ, ojú ẹlẹgbẹ́ tí wọ́n jọ jáde nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, ó sì mọ̀ pé nínú orúkọ méjèèjì, ẹyọ kan ṣoṣo ló máa dùn lẹ́nu wọn.

Ẹ má dá a lẹ́bi jù. Ó pẹ́ tí orúkọ Lọ́ńdọ̀n ti wà lẹ́nu Yorùbá. Nígbà tí Ládipọ̀ Ṣólàńkẹ́ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá WASU, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, sílẹ̀ lọ́dún 1925, Lọ́ńdọ̀n ni wọ́n dá a sí. Ẹni tó bá fẹ́ di lọ́yà tí wọ́n ń pè ní barrister ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà kò ní ibòmíràn tó lè lọ, nítorí ẹgbẹ́ lọ́yà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó ń fúnni láṣẹ iṣẹ́ ọ̀hún, Lọ́ńdọ̀n ni gbogbo wọn wà. Ibẹ̀ ni Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti di lọ́yà lọ́dún 1946. Àwọn wọ̀nyẹn wo ilé dáadáa: iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe ló yan ìlú fún wọn. Àmọ́ nígbà tí wọ́n padà dé, orúkọ ìlú ló kù sí wa létí, a gbàgbé ìdí tí wọ́n fi lọ. Ó wá di pé gbogbo ẹni tó bá wọ bàálù sí Ìlú Ọba, Lọ́ńdọ̀n ló lọ, ì báà jẹ́ Leeds ló ti ń gbọ̀n nínú òtútù.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ilé tó yẹ ní wíwò. Lọ́dún 2025, owó tí NHS ń san lọ́dún fún nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní England jẹ́ 31,049 pọ́n-ùn, ì báà ṣe Manchester, ì báà ṣe Newcastle. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ ní àárín gbùngbùn Lọ́ńdọ̀n ń gba 20 lé lórí gbogbo 100, torí ìjọba pàápàá mọ̀ pé nǹkan wọ́n níbẹ̀. Ní etí ìlú, 15 ni. Àlékún ti àárín ìlú yẹn tó nǹkan bí 6,200 pọ́n-ùn lọ́dún. Bí a bá pín in sí oṣù méjìlá, 517 ni, kí owó orí àti owó ìfẹ̀yìntì tó bù nínú rẹ̀. Ó dáa, owó ilé ńkọ́? Lọ́dún kan náà, bí a bá da owó ilé gbogbo àwọn tó ń yálé lọ́wọ́ onílé aládàáni pọ̀ tí a pín in dọ́gba, ti Lọ́ńdọ̀n lé ní 2,000 pọ́n-ùn lóṣù, ti Manchester sì jẹ́ nǹkan bí 1,300. Onílé nìkan ti gba àlékún yẹn tán, ó tún fọwọ́ kan owó tí wọn ò fi kún un. A ò tíì dárúkọ owó ọkọ̀, a ò sì tíì dé ọ̀dọ̀ ẹni tó máa bá nọ́ọ̀sì tọ́jú ọmọ.

Níbi ìṣirò yìí gan-an ni ẹ̀fẹ̀ pọ̀ sí. Pọ́n-ùn kan tó nǹkan bí 2,000 náírà lọ́dún náà. Bí lẹ́tà Lọ́ńdọ̀n bá ti wọlé, fóònù ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbé: 37,000 lọ́nà 2,000, háà, ó lé ní mílíọ̀nù 70 náírà! Ìdílé á dìde, orin ọpẹ́ á sọ, ẹnìkan á ti fi àwòrán afárá Tower Bridge sórí status WhatsApp kí físà tó jáde. Kò sí ẹni tó jẹ́ fi fóònù yẹn kan náà ṣírò owó ilé. Owó tó ń wọlé là ń sọ di náírà. Owó tó ń jáde, a fi í sílẹ̀ ní pọ́n-ùn, níbi tó ti rí bíńtín. Ta ni 2,000 fẹ́ dẹ́rù bà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ òun náà di náírà kó pé mílíọ̀nù mẹ́rin lóṣù kan, kí ẹ wá wò ó bóyá orin yẹn á tún dún.

Ẹnìkan á ní nọ́ọ̀sì tuntun kì í gba odidi ilé, yàrá kan ló ń háyà. Òótọ́ ni fún àpọ́n, fún oṣù díẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ ń bọ̀, ọmọ méjì ń bọ̀ lẹ́yìn ọkọ, yàrá ẹyọ kan ò sì lè gbà wọ́n. Bó bá dọjọ́ yẹn, ará Lọ́ńdọ̀n wa á bẹ̀rẹ̀ sí í sún díẹ̀díẹ̀. Á sún láti Peckham sí Thamesmead, á tún sún láti Thamesmead sí Dartford ní Kent, tàbí kó gba ọ̀nà kejì bọ́ sí Grays ní Essex. Thamesmead ṣì wà nínú Lọ́ńdọ̀n. Dartford àti Grays ò sí níbẹ̀ rárá. Níbẹ̀ ló ń sùn, níbẹ̀ lọmọ ti ń lọ sílé ẹ̀kọ́, ọkọ̀ ojú irin ló ń gbé e lójoojúmọ́ wọ ìlú tó ní òun ń gbé. Ó ti sanwó orúkọ tán, ilé ò sí nídìí orúkọ.

Àtakò tó lágbára jù ni ti àwọn èèyàn wa. Wọ́n á ní ènìyàn laṣọ, Lọ́ńdọ̀n ni aṣọ wa pọ̀ sí. N kò ní fojú kéré ìyẹn. Ní Peckham, o lè ra iṣu, ẹja gbígbẹ àti èlùbọ́ lọ́wọ́ ẹni tó máa bèèrè àlàáfíà ilé kó tó bèèrè iye tí o fẹ́ rà. Bí o bá sì ní ẹ̀gbọ́n kan ní Lọ́ńdọ̀n, tó lè gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ nígbà tí o bá ń ṣiṣẹ́ òru, ilé tí òwe ń wí nìyẹn; ó lè níye lórí ju 700 pọ́n-ùn tí owó ilé Lọ́ńdọ̀n fi ju ti Manchester lọ lóṣù, kí o mú Lọ́ńdọ̀n láìwẹ̀yìn. Àmọ́ ọ̀pọ̀ tó ń fi "àwọn èèyàn wa" ṣe àwíjàre, kò sí ẹ̀gbọ́n kan pàtó lọ́kàn wọn. Ọ̀pọ̀ èrò ni wọ́n ń sọ, ọ̀pọ̀ èrò kì í sì í báni gbọ́mọ. Lọ́ńdọ̀n tún wá fẹ̀. Ẹni tó ń gbé ní Enfield ní àríwá, tí àbúrò rẹ̀ wà ní Croydon ní gúúsù, òde àríyá ni wọ́n ti ń fojú kan ara wọn. Manchester náà sì ní ìjọ tí wọ́n ti ń kọrin Yorùbá, ó ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta gààrí. Iṣu kì í bèèrè ìlú kó tó wọ ọkọ̀ akẹ́rù.

Ti òjò Manchester tí wọ́n fi ń dẹ́rù bani, ẹ̀rín ló ń pa mí. Òjò Èkó lọ́dún kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti Manchester. Kí n má sì gbè sẹ́yìn ẹnì kan, àwọn kan wà tó ń yan Manchester torí bọ́ọ̀lù. Pápá Old Trafford tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ lọ kò tilẹ̀ sí lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Manchester. Trafford ló wà.

Wọ́n tún ń sọ pé Lọ́ńdọ̀n niṣẹ́ ti ń lọ síwájú. Fún ẹni tí ẹ̀ka iṣẹ́ rẹ̀ kò sí níbòmíràn, mo gbà. Ṣùgbọ́n Christie, ọ̀kan nínú àwọn ilé ìtọ́jú jẹjẹrẹ tó tóbi jù ní Yúróòpù, Manchester ló wà. NHS gan-an tí gbogbo wọn ń tìtorí rẹ̀ sáré, nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 5 oṣù Keje ọdún 1948, ilé ìwòsàn Park ní Davyhulme, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Manchester, ni Aneurin Bevan tó jẹ́ mínísítà ìlera ti lọ ṣí i. Mínísítà fúnra rẹ̀ fi Lọ́ńdọ̀n sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, ojú ò tì í.

Ohun tó jẹ́ kí ọ̀ràn yìí kọjá àwàdà ni físà. Físà iṣẹ́ ìlera so òṣìṣẹ́ mọ́ agbanisíṣẹ́ tó dúró fún un. Ẹni tó débẹ̀ tán tó wá rí i pé Lọ́ńdọ̀n fẹ́ gbé òun mì kò lè palẹ̀ ẹrù mọ́ lọ́jọ́ Ẹtì kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Manchester lọ́jọ́ Ajé. Ó gbọ́dọ̀ wá agbanisíṣẹ́ mìíràn tó máa dúró fún un, kó tún tọrọ àyè tuntun lọ́wọ́ ìjọba. Àwọn mìíràn ti fọwọ́ sí ìwé pé bí àwọn bá kúrò kí ọjọ́ àdéhùn tó pé, àwọn á dá nínú owó tí wọ́n ná lé àwọn lórí padà. Ọmọ tí a ti sọ lórúkọ níwájú ìjọba báyìí, àtúnsọ rẹ̀ gba owó.

Ó ku ìbéèrè kan tí wọn kì í bi síta: kí la máa wá sọ nílé? Ìyá ti sọ fún ìjọ. Ẹ fọkàn balẹ̀, ọ̀ràn yìí ti ní ojútùú látijọ́. Láti ọdún 1951 títí di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ọkọ̀ ojú omi Aureol ti iléeṣẹ́ Elder Dempster ń kó èèyàn láti Èkó lọ sí Ìlú Ọba, Liverpool ló sì ń já wọn sí. Ta ló wá gbọ́ ọ rí pé ìyá kan ní Abẹ́òkúta ní Liverpool lọmọ òun lọ? Lọ́ńdọ̀n ló ń wí, àwọn aládùúgbò ń bá a yọ̀, kò sẹ́ni tó ní kó mú tíkẹ́ẹ̀tì wá. Orúkọ yẹn ṣì wà nílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Kí nọ́ọ̀sì wa gba iṣẹ́ Manchester, kó gba ilé oníyàrá méjì, kó máa fi díẹ̀ nínú ohun tó ṣẹ́kù ránṣẹ́ sílé lóṣooṣù. Ìyá rẹ̀ á sọ fún gbogbo ìjọ pé láti Lọ́ńdọ̀n lowó náà ti wá.