Sí Ọkọ Mi Akọ̀wé, Tó Tún Fẹ́ Gbé Òmíràn Wọlé

Akọ̀wé, ọkọ mi,

Ẹ kú iṣẹ́ ní Kútọnu, ẹ sì kú ìnáwó. Ìyá wa ló sọ fún mi pé ẹ tún fẹ́ gbé òmíràn wọlé. Mo ti ń káàánú ìyàwó yín kí wọ́n tó fi kún un pé èyí tí ẹ fẹ́ gbé wá yìí ń lo bátìrì. Ọkàn mi wá balẹ̀. Ẹ̀rọ ìkàwé ni.

Gbogbo ilé ló mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ yìí, kò kàn sí ẹni tó fẹ́ bá yín sọ ọ́ ni. Ẹ̀gbọ́n yín ní àwọn ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀rọ. Ìyá wa ní ìwé ni ọmọ àwọn ń kà, kí a fi í lọ́rùn sílẹ̀. Ó wá ku èmi ìyàwó ilé, tí mi ò tilẹ̀ gbọdọ̀ pe orúkọ yín, tí mo wá kọ ọ́ síta gbangba kí gbogbo ayé bá wa kà á. Ẹ má bínú.

Ẹ̀rọ kì í kú lọ́wọ́ yín. Ó kàn máa ń sú yín ni, bó bá sì ti sú yín, ọ̀dọ̀ mi ló ń bọ̀. Mo dúpẹ́. Àmọ́ ó dà bíi pé ẹ ò mọ̀ pé ẹ̀rọ yìí máa ń rántí ibi tí òǹkàwé bá dúró sí, ìsàlẹ̀ ojú rẹ̀ ló sì ń kọ ọ́ sí, kedere. Nígbà tí mo ṣí Le Comte de Monte-Cristo ti Alexandre Dumas, èyí tí ìkànnì Project Gutenberg pín sí ìdìpọ̀ mẹ́rin tí wọn ò sì gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀, ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ìdìpọ̀ kìíní ni mo bá yín. Edmond Dantès ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi ní Marseille ni. Inú rẹ̀ ń dùn. Kò tíì mọ̀ pé wọ́n máa wá mú òun, ẹ̀yin náà ò sì tíì mọ̀ títí dòní, torí nígbà tí mo gba ẹ̀rọ tó tẹ̀ lé e, ibì kan náà ni mo tún bá ọkùnrin náà.

Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí ohun tí ẹ ń fowó rà. Ojú àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí, iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ E Ink ni, tí àwọn èèyàn yunifásítì MIT dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1997. Àwọn kóró tíntìntín tí ojú lásán ò lè rí ló kún inú rẹ̀, ẹ̀tù dúdú àti ẹ̀tù funfun sì ń léfòó nínú kóró kọ̀ọ̀kan. Iná mànàmáná ló ń ti dúdú wá sókè níbi tí lẹ́tà wà, tó sì ń ti funfun wá síbi tí kò sí lẹ́tà. Bí wọ́n bá ti dé àyè wọn, wọn kì í kúrò níbẹ̀ mọ́ títí ẹ ó fi ṣí ojú ìwé mìíràn, ìdí nìyẹn tí bátìrì fi ń lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ìmọ́lẹ̀ tó bá wà níta ló sì fi ń hàn. Mo lè jókòó sẹ́yìnkùlé lọ́sàn-án gangan, kí àwọn àpáta Ṣábẹ̀ẹ́ máa ta ooru sí mi lára, kí n sì rí gbogbo lẹ́tà, nígbà tí ojú fóònù tiyín á ti ṣú pátápátá.

Ìlànà yìí kan náà ni Sony fi ṣe Librié ní Jàpáànù ní 2004. Òun náà ni Amazon fi ṣe Kindle àkọ́kọ́ tí wọ́n tà ní dọ́là 399 ní oṣù kọkànlá 2007, òun náà ló sì wà lọ́wọ́ yín báyìí. Àfikún ló ń gorí àfikún. Ní ti Kindle, iná ojú ẹ̀rọ dé pẹ̀lú Paperwhite ní 2012. Paperwhite ti 2018 kò bẹ̀rù omi. Ti 2021 ní iná tó rọ ojú lọ́rùn lálẹ́, ó sì ní ihò USB-C, tí wáyà fóònù lè wọ̀. Ti 2021 yìí lẹ ní. Kí ló wá kù?

Wọ́n ní àwọ̀ ló kù. Ilé-iṣẹ́ Kobo, tí òun náà ń ṣe ẹ̀rọ ìkàwé, gbé Clara Colour àti Libra Colour jáde ní 2024, Amazon sì gbé Colorsoft tẹ̀ lé wọn lọ́dún kan náà, òun ni mo gbọ́ pé ọkàn yín fà sí. Ojú aláwọ̀ yìí, bó bá ń fi lẹ́tà dúdú hàn, àmì 300 ló ń tò sínú íǹṣì kan. Bó bá di àwọ̀, ó di 150. Abala tó ń mú àwọ̀ jáde tún ń jẹ́ kí funfun rẹ̀ ṣókùnkùn díẹ̀. Fún ìwé àwòrán àwọn ọmọdé, ó dára. Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ fẹ́ fi àwọ̀ wò nínú Dumas? Aṣọ Mercédès, àfẹ́sọ́nà Dantès?

Ohun tí ẹ ò bi òǹtajà rí ló yẹ kí ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ kọ́kọ́ bi í: ṣé ẹ̀rọ yìí lè fi Yorùbá hàn bó ṣe yẹ? Ìyọnu yẹn ò tíì bá yín torí ẹ ò ṣí ìwé Yorùbá kankan lórí rẹ̀. Nínú Unicode, tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀, “ẹ” ní nọ́ńbà tirẹ̀, “é” náà ní tirẹ̀, àmọ́ “ẹ́” kò ní. Ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ “ẹ”, kó wá gbé àmì ohùn òkè lé e lórí. Bí irú lẹ́tà tí wọ́n fi sínú rẹ̀ ò bá mọ iṣẹ́ yìí ṣe, àmì á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tàbí kí ẹ rí àpótí òfìfo níbi tó yẹ kí lẹ́tà wà. Tiwa níbí tún lé kan: ìwé tó bá ti Ìbàdàn wá ń lo “ẹ”, “ọ” àti “ṣ”, àmọ́ álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè orílẹ̀-èdè Benin ní kí a kọ “ɛ”, “ɔ” àti “sh”. Ẹ̀rọ ẹni tó ń gbé ní ẹnu ààlà gbọ́dọ̀ lè ka méjèèjì.

Oògùn rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rọ tuntun o. Ẹ lọ gba irú lẹ́tà tí wọ́n ń pè ní Gentium tàbí Noto Serif lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Ẹ fi wáyà so ẹ̀rọ mọ́ kọ̀ǹpútà, kí ẹ kó o sínú àpò fáìlì tí wọ́n ń pè ní fonts. Kindle ní i, Kobo náà sì gbà á. Lẹ́yìn náà, ẹ yàn án níbi tí ẹ ti máa ń sọ lẹ́tà di ńlá. Mo ṣe é sí èyí tí ẹ fún mi kí ìrẹsì tó jinná.

Mo mọ̀ pé ẹ máa sọ pé ọ̀dọ̀ Amazon ni gbogbo ìwé tí ẹ rà wà, ẹ ò sì lè kúrò níbẹ̀. Ṣé ẹ rà á lóòótọ́? Ní oṣù keje 2009, wọ́n ti òkèèrè wọ inú Kindle àwọn oníbàárà, wọ́n sì pa 1984 àti Animal Farm ti George Orwell rẹ́, nítorí ẹni tó gbé e síbẹ̀ fún títà kò ní ẹ̀tọ́ sí i. Wọ́n dá owó padà, wọ́n tọrọ àforíjì. Ní oṣù kejì 2025, wọ́n dí ọ̀nà tí èèyàn fi ń gba ìwé tó rà sórí kọ̀ǹpútà kó tó fi wáyà gbé e sí Kindle. Nítòsí wa níbí, OkadaBooks, ilé ìtàwé orí íntánẹ́ẹ̀tì tí Okechukwu Ofili dá sílẹ̀ ní Nàìjíríà ní 2013 kógbá sílé ní ìparí oṣù kọkànlá 2023. Fáìlì EPUB tí mo lè gbé síbi tó bá wù mí ló tẹ́ èmi lọ́rùn. Kobo ń kà á tààrà. Kindle ní kí ẹ kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí àwọn, kí àwọn bá yín yí i padà.

Bí owó bá ń yún yín lọ́wọ́, ẹ ra àpò líle fún èyí tí ẹ ní. Nígbà tí ẹgbẹ́ Worldreader bẹ̀rẹ̀ sí pín Kindle fún àwọn ọmọ iléèwé ní Gánà ní 2010, ìwé dé ọwọ́ àwọn ọmọ lóòótọ́, àmọ́ ojú ẹ̀rọ tó fọ́ pọ̀ jù. Kí èèyàn jókòó lé e lẹ́ẹ̀kan péré, ó ti tán. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń fi í sílẹ̀ sórí àga Ìyá wa, ẹ gbọ́ o.

Ìdí kan ṣoṣo ló wà tí mo lè fi bá yín bẹ ilé torí ẹ̀rọ tuntun. The History of the Yorubas ti Samuel Johnson, tí ẹ̀dà àkọ́kọ́ rẹ̀ sọnù, tí Obadiah àbúrò rẹ̀ sì tún un tò kó tó jáde ní 1921, wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ìkànnì Internet Archive. Ibẹ̀ ló ti ka Oníṣábẹ̀ẹ́ mọ́ àwọn ọmọ-ọmọ Odùduwà, nítorí náà kò sí àwáwí fún yín. Àmọ́ bó bá jẹ́ àwòrán ojú ìwé rẹ̀ ni ẹ gbà, kì í ṣe lẹ́tà tí ẹ lè sọ di ńlá bó ṣe wù yín. Lórí ojú ẹ̀rọ kékeré bíi tiyín, ojú á ti ro yín kí ẹ tó ka ewé kan tán. Bó bá jẹ́ torí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni, ẹ ra èyí tí ojú rẹ̀ tó íǹṣì mẹ́wàá, kí ẹ sì kà á.

Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, Paperwhite ọwọ́ yín ṣì dára, ẹ lọ bá Dantès ní Marseille. Bí ẹ bá sì kọ̀ jálẹ̀ pé tuntun lẹ máa rà, ẹ ra Kobo Clara BW. Dọ́là 129.99 ni wọ́n kọ́kọ́ ń tà á ní 2024, Kobo sì bá ilé-iṣẹ́ iFixit fọwọ́ sowọ́ pọ̀ kí èèyàn lè rí ẹ̀yà rẹ̀ rà tó bá bàjẹ́. Orúkọ rẹ̀ nìkan ló jọ kọ́bọ̀.

Èyí tó wà lọ́wọ́ yín báyìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tà á fún ẹnikẹ́ni ní Kútọnu. Ẹ fi ránṣẹ́ sí mi tòun ti wáyà rẹ̀. Ti ìjọsí, ẹ gbàgbé wáyà.

Èmi ni ìyàwó yín,
ní Ṣábẹ̀ẹ́.