Ọba Tí Mi Ò Lè Rọ̀ Lóyè

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi nígbà tó rì sínú odò nínú fíìmù mi. Ìgbà tó máa fi jáde, ó ti ń fá irùngbọ̀n. Bẹ́ẹ̀ ọjọ́ méje péré ni mo kọ sínú ìwé eré pé Yemọja fi dá a dúró lábẹ́ omi.

Ọdún 2003 ni mo dáwọ́ lé e. Tíṣà ni mí n'Ìbàdàn, ṣùgbọ́n lọ́kàn ara mi, dáírẹ́tọ̀ ni mí látọjọ́ tí bàbá mi ti mú mi lọ wo Ọ̀run Móoru tí Bàbá Sàlá gbé jáde lọ́dún 1982. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi tọ̀ sára. Mi ò tíì gbọ́n tó láti mọ̀ pé àwọn aṣàdàkọ jí fíìmù yẹn tà mọ́ Bàbá Sàlá lọ́wọ́, tí gbèsè sì wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ká ní mo mọ̀ ni, mi ò bá lọ kọ́ṣẹ́ télọ̀.

Mo yáwó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, mo háyà kámẹ́rà, mo ra kásẹ́ẹ̀tì kéékèèké mọ́kànlá, wákàtí kọ̀ọ̀kan lọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbà. Òpin ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo ṣírò pé a máa fi yà á tán. Bàbá onílé mi ló fún wa ní ààfin, ìyẹn pálọ̀ wọn. Àdéhùn wọn kò le: kí n fi àwọn ṣe ọba, níwọ̀n ìgbà tí eré bá ṣì ń lọ, àwọn kò ní fi kọ́bọ̀ kún owó ilé mi. Inú mi dùn débi pé mo bẹ obìnrin kan tó ń fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣe báàgì pé kó bá mi to ìlẹ̀kẹ̀ sára fìlà àtijọ́ kan. Kì í ṣe adé Èfọ̀n-Alààyè, ṣùgbọ́n téèyàn bá dúró lọ́ọ̀ọ́kán, adé ni.

Odò ló kọ́kọ́ dá wa dúró. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní ọmọ àwọn kò ní fẹsẹ̀ kan omi kankan n'Ìbàdàn. "Ṣé Ògùnpa tó kó ilé kó èèyàn lọ lójú mi lọ́dún 1980 lo fẹ́ lọ fọmọ mi tọrẹ fún? Ìwọ dáírẹ́tọ̀, bọ́ síbẹ̀ fúnra rẹ!" Bí ọmọ ṣe rì sínú bàsíà nìyẹn. A fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ yí i ká, mo gbé kámẹ́rà sún mọ́ ọn, ó sì jọ odò lóòótọ́. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi ni pé ìyàwó mi ti po ọṣẹ sínú omi náà de aṣọ tó fẹ́ fọ̀. Ọmọ rì, ó na ọwọ́ sókè bí mo ṣe kọ́ ọ, ó wá yọrí lójijì: "Bùrọ̀dá, ọṣẹ ti kó sí mi lójú!"

A tún un yà nígbà mẹ́rin. Ẹ̀ẹ̀kẹrin dára gan-an. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi ní kí n bá òun fi kámẹ́rà náà ya ìsìnkú ìyá òun, mo fọwọ́ kan kásẹ́ẹ̀tì tí mo rò pé ó ṣófo. Títí dòní, bí ọmọ yẹn bá ṣe na ọwọ́ sókè báyìí láti kú, obìnrin kan tó wọ léèsì aláwọ̀ ewé á jó wọlé, wọ́n á sì máa lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí.

Owó tán. Nígbà tí owó tún máa wà, obìnrin tó ń ṣe ìyá ọmọ nínú eré ti di ìyàwó pásítọ̀. Ó ní bí mo bá lè sọ Yemọja di áńgẹ́lì, òun á wá. Alágbàtà kan n'Ìdúmọ̀tà ṣèlérí owó, mo lọ lẹ́ẹ̀mẹfà, ó rà mí ní mínírà lẹ́ẹ̀mẹfà.

Nígbà tó di 2014, ọmọ náà ti wọ yunifásítì, ó wá sọ fún mi pé ará Amẹ́ríkà kan, Richard Linklater, gbé fíìmù kan jáde tó ń jẹ́ Boyhood, ọmọ kan náà ló sì ń yà láti 2002 títí di 2013. Mi ò sùn lóru ọjọ́ yẹn. Nígbà tílẹ̀ máa fi mọ́, mo ti ń sọ fún gbogbo èèyàn pé bí mo ṣe gbèrò tèmi náà nìyẹn látìbẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin yẹn ń ya díẹ̀díẹ̀ lọ́dọọdún, ó mọ ibi tó ń lọ. Èmi, ọdún méjì ni mo fi wá bátìrì.

Mo tún ìwé eré kọ: ọjọ́ méje lábẹ́ omi di ọdún mọ́kànlá lókè eèpẹ̀. Ọmọ ti tóbi ju bàsíà lọ, la bá gba odò Ọ̀nà lọ. Bó ṣe ń yọ jáde nínú omi pẹ̀lú mọ́ríwò lọ́rùn, àwọn tó ń fọṣọ figbe ta. Kí n tó ṣàlàyé, ọdẹ àdúgbò ti kó wa, ó di ọ̀dọ̀ baálẹ̀. Gbogbo wa dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Àfi bàbá onílé mi. Wọ́n dúró ṣánṣán pẹ̀lú adé lórí.

Baálẹ̀ ní, "Ta nìyí?"

Mo dáhùn láti ilẹ̀ pé, "Ọba inú eré ni, sà."

"Kó dọ̀bálẹ̀."

Bàbá onílé ní kí wọ́n bi baálẹ̀ bóyá ó ti rí ibi tí ọba ti ń dọ̀bálẹ̀ fún baálẹ̀ rí. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà ni owó ìtanràn wa tẹ́lẹ̀. Gbólóhùn yẹn sọ ọ́ di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, èmi ni mo san án.

Ó yẹ kí n jáwọ́ lọ́jọ́ náà. Kí ni mò ń dúró dè? Kí n má purọ́ fún yín: alápatà máa ń fi ẹran kún tèmi torí pé "Dáírẹ́tọ̀" ni mí, àti pé kò sẹ́ni tó lè ní fíìmù tí kò tíì parí kò dáa.

Ọmọ yẹn ló gbà mí, lọ́dún 2022. Ó wá dọ̀bálẹ̀, ó ní òun fẹ́ gbéyàwó, ṣé òun lè gé irun òun? Ojú tì mí. Mo ti gbàgbé pé èmi ni mo ní kó má gé e, nítorí pé ará odò ni. Mo kó kásẹ́ẹ̀tì lọ bá ẹni tó ń kó wọn sínú kọ̀ǹpútà. Èébu ti jẹ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógún ló rí yọ, obìnrin oníléèsì sì wà nínú rẹ̀. A fi ti bàsíà hàn níbi ìgbéyàwó. Nígbà tí ọmọ yọrí, gbogbo gbọ̀ngàn bá a pariwo ọṣẹ, ẹ̀gbọ́n mi sì rẹ́rìn-ín títí gèlè fi tú. Mo gbé ẹ̀dà rẹ̀ fún ìyàwó, mo ní ẹrù rẹ̀ nìyẹn.

Ó wá ku bàbá onílé. Mo bá wọn ní pálọ̀, adé wà lórí. Ó ti pẹ́ tí àwọn ayálégbé tuntun ti ń kí wọn ní Kábíyèsí láìmọ ìdí. Mo dọ̀bálẹ̀.

"Kábíyèsí, eré ti parí."

Wọ́n dákẹ́ fúngbà díẹ̀. "Ó dáa. Owó ilé tuntun bẹ̀rẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀."

Mo ní ẹ ṣeun, sà. Mo wá na ọwọ́ láti gba adé. Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì dì í mọ́rí.

"Eré tìrẹ lo parí. Tó o bá ń jáde, bá mi ti ilẹ̀kùn ààfin."