Orúkọ Tí Ń Bá Ara Rẹ̀ Jìjàkadì

Gbogbo ayé ló mọ̀ pé ìjàkadì ni ti Ọ̀fà. Ẹni tó bá ń ṣe fídíò ìpè sí ìnáwó níbẹ̀ náà ń jà á lójoojúmọ́: òun àti orúkọ oníbàárà, nínú After Effects, ètò kọ̀ǹpútà tó fi ń ṣe fídíò.

Kíkọ orúkọ yí òbìrìkìtì ká ò kúkú le lójú. Ẹ fi gègé inú rẹ̀ fa òbìrìkìtì sórí ọ̀rọ̀, ẹ wọ Path Options, ẹ ní kí ọ̀rọ̀ gba ọ̀nà yẹn. Á gbà á. Bó bá dorí kodò sínú òbìrìkìtì, ẹ tẹ Reverse Path. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ kó máa pòyì, First Margin lẹ máa fún ní keyframe.

Ibi oyè ni wàhálà wà. Òbìrìkìtì ní ìwọ̀n. Oyè ò ní. Alàájì, Olóyè, Ẹnjiníà, Ọ̀mọ̀wé: ká tó kan orúkọ gan-an, orí ti pàdé ìrù, "Alàájì" ti gun "Ọ̀mọ̀wé" lẹ́yìn. Ẹ dán an wò kẹ́ ẹ ní kí oníbàárà yọ ẹyọ kan! Force Alignment ló kù, á há gbogbo wọn mọ́ra bí èrò ọkọ̀ Ìlọrin.

Àmì ohùn náà ò gbẹ́yìn. Unicode ní ọ, ó ní ò, ṣùgbọ́n kò ní ọ̀ tó dá dúró. Lẹ́tà àti àmì kàn ń gbé pọ̀ ni. Bí fọ́ńtì ò bá mọ bí wọ́n ṣe ń so wọ́n, àmì orí Ọ̀fà á ṣí lọ jókòó sórí f. Oníbàárà ò tiẹ̀ ní rí i. Ohun tó máa bi yín ni ibi tí oyè "JP" rẹ̀ wọlé sí.