Ilé Ọba Tí Ọba Kò Gbé Rí

Nígbà tí ilé bá jó, tí a kò sì mọ ohun tí a ó fi tu onílé nínú, a ó ní, "Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i." Ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu, kò sì ná ẹni tó sọ ọ́ ní kọ́bọ̀. Onílé ni yóò lọ wá owó símẹ́ǹtì. Àwọn tó kọ́kọ́ pa òwe yìí mọ ohun tí wọ́n ń wí. Láyé wọn, bí ààfin bá jó, gbogbo ìlú ni yóò dìde: àwọn kan yóò po amọ̀, àwọn kan yóò ru koríko tí wọn yóò fi bo òrùlé, agbẹ́gi yóò gbẹ́ òpó tuntun tó dára ju ti àná lọ. Iná kọ́ ló bu ẹwà sí ilé ọba, ọwọ́ ènìyàn ni. Àwa òde òní ti yọ ọwọ́ ènìyàn kúrò nínú òwe náà, iná nìkan la fi sílẹ̀.

Ẹ wo ọjà Tẹ́júoṣó ní Yábàá. Ó jó ní ìparí ọdún 2007. Wọ́n kọ́ ilé ìtajà alájà ńlá síbẹ̀, wọ́n ṣí i ní 2014, ẹni tó bá sì rí i yóò gbà pé ẹwà bù sí i lóòótọ́. Ṣùgbọ́n owó ṣọ́ọ̀bù tuntun ju ohun tí apá ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìyá tó ń tajà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ká lọ. Àwọn ni iná jó, ẹlòmíràn ni ẹwà bù sí lára. N kò ní parọ́ mọ́ wa o: Cocoa House n'Íbàdàn jó ní 1985, wọ́n tún un ṣe, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ ní 1992. Ilé alájà 26 náà ṣì dúró ní Dùgbẹ̀ bí ọkùnrin. Àmọ́ ilé kan kò tó fi yangàn fún odidi ìran.

Ilé kan wà ní London tó mú kí n tún òwe náà yẹ̀ wò. Ní Green Lanes ló wà, lọ́wọ́ Stoke Newington, ẹni tó bá sì kọ́kọ́ rí i yóò máa wá ibi tí yóò dọ̀bálẹ̀ sí. Ògiri rẹ̀ nípọn, ilé-ìṣọ́ gíga wà lára rẹ̀, orí rẹ̀ rí gánku-gànku bíi ti ààfin olódi àwọn ọba Scotland àtijọ́. Ẹ má dọ̀bálẹ̀ o. Kò sí ọba tó gbé ibẹ̀ rí. Ẹ̀rọ tó ń fa omi ló gbé ibẹ̀.

Ìtàn rẹ̀ kò ṣe é fò. Láti 1613 ni àwọn ará London ti ń mu omi New River, odò àtọwọ́dá tí Hugh Myddelton gbẹ́ láti Hertfordshire wọ ìlú. Nígbà tó di àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àrùn onígbá-méjì ń pa wọ́n bí eṣinṣin, ìjọba sì ṣe òfin ní 1852 pé kí àwọn ilé iṣẹ́ omi máa sẹ́ omi kí wọ́n tó tà á fún ará ìlú. Ilé iṣẹ́ New River nílò ibi tí ẹ̀rọ yóò ti máa fa omi tó mọ́ náà. Ta ló wá fẹ́ gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tó ń tú èéfín? Onímọ̀ ẹ̀rọ wọn, William Chadwell Mylne, dá ọgbọ́n kan: ó wọ aṣọ ọba fún ẹ̀rọ omi. Ní 1856 tí wọ́n parí ilé náà, èéfín ló ń gba inú ilé-ìṣọ́ kan jáde, omi ló wà nínú èkejì, àkàbà àyípo ló wà nínú ẹ̀kẹta. Àwọn aládùúgbò ń wo ààfin, wọ́n ń mu omi, inú wọ́n dùn. Ìjọba ìbílẹ̀ wa tó bá fẹ́ gbẹ́ kànga dẹ̀rọ lónìí, orúkọ alága ló máa ń kọ gàdàgbà sí ara táńkì.

Ilé náà sìn wọ́n títí ó fi di pé a kò nílò irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ní 1971, wọ́n ní àwọn fẹ́ wó o. Àwọn ará àdúgbò bọ́ síta, wọ́n fi igbe ta. Àbí ẹ kò rí nǹkan? Ilé tí a kọ́ láti fi tan bàbá àwọn bàbá wọn jẹ ni wọ́n ń jà fún. Ariwo yẹn kò já sí asán: òfin tó ń dáàbò bo ilé àtijọ́ wá bò ó, ilé náà sì bọ́.

Ní 1995, ó di ibi tí wọ́n ti ń gun ògiri.

Mo tún un wí: ògiri ni wọ́n ń gùn. Akọ̀wé báǹkì tó wọ lífítì lọ sí àjà kẹta láàárọ̀ nítorí pé àtẹ̀gùn ń mú orúnkún dùn ún, òun náà ni yóò sanwó lálẹ́ kí wọ́n lè gbà fún un láti fi èékánná gun ògiri tó ga ju àjà kẹta lọ. Wọ́n á mọ̀ọ́mọ̀ ra bàtà tó fún ẹsẹ̀ wọn pinpin, kí ọmọ ìka lè ká jọ, kí wọ́n lè fi tẹ ibi tí kò ju omini lọ. Wọ́n á so àpò ẹfun mọ́ ìdí, wọn kì í sì í ṣe aborìṣà. Òógùn àtẹ́lẹwọ́ ni wọ́n fi ń gbẹ. Òkúta àtọwọ́dá aláwọ̀ oríṣiríṣi ni wọ́n dè mọ́ ara ògiri náà. Bí o bá mú pupa, pupa ni wàá máa tẹ̀ títí dé òkè. Bí ọwọ́ rẹ bá kan àwọ̀ ewé, o kò ní kú, ojú ló máa tì ọ́. Nígbà tí o bá sì ti mọ ọ̀nà pupa yẹn gùn dáadáa, àwọn tí wọ́n ń gbowó oṣù lórí iṣẹ́ yìí yóò wá tú gbogbo òkúta náà, wọn yóò tún un tò ní ọ̀nà mìíràn, kí ìwọ lè padà di òpè. Ìyẹn náà wà nínú owó tí o san.

Adẹ́mu wa ń gun ọ̀pẹ, ó mọ ohun tó ń wá. Ó fi igbà yí ara rẹ̀ àti igi ká, kò sí ẹni tó bá a di okùn mú nísàlẹ̀, nígbà tó bá sì dókè, kèrègbè ń dúró dè é. Ẹni tó gun ògiri Green Lanes, kí ló bá lókè? Irin kan tí okùn gbà kọjá. Ó fọwọ́ gbá irin náà, ó ké sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó di okùn mú nílẹ̀ pé kó máa sọ òun kalẹ̀, ó dé ilẹ̀ lọ́wọ́ òfo, ó ń rẹ́rìn-ín, ó tún fẹ́ padà lọ. Àwọn mìíràn ò tilẹ̀ lo okùn. Ògiri tiwọn kò ga púpọ̀, ìbùsùn tó nípọn ló tẹ́ sílẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ń já sí gbì, gbì, gbì, títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Àṣà yìí kò sì pẹ́. Ní 1964 ni Don Robinson, olùkọ́ eré ìdárayá ní Yunifásítì Leeds, to òkúta mọ́ ara ògiri ọ̀nà kan nínú ilé ìwé náà, kí àwọn tó ń gun àpáta lè rí nǹkan fọwọ́ bà nígbà òjò àti òtútù. Ó ti di ìdíje Olympics báyìí, láti ti Tokyo tí wọ́n ṣe ní 2021. Ní Paris ní 2024, àwọn ọkùnrin kan gun ògiri mítà 15 kí ìṣẹ́jú àáyá 5 tó pé.

Mo ti múra láti fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ dópin, àfi bí mo ṣe rántí Abẹ́òkúta. Àwọn ará London kò ní àpáta, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣe é. Àwa ní Olúmọ, àpáta gidi tí Elédùmarè fún wa lọ́fẹ̀ẹ́, a wá gbé lífítì sí i lára. Ta ni kó fi ta ni rẹ́rìn-ín?

Ẹ̀rín mìíràn tún wà níwájú. Ní Ardwick, ní Manchester, ṣọ́ọ̀ṣì St Benedict wà, èyí tí J. S. Crowther yàwòrán rẹ̀, tí wọ́n ṣí ní 1880. Láti 2005, okùn ló ń rọ̀ dirodiro níbi tí akọrin ti ń kọ orin. Ní Bristol, St Werburgh wà, ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n tú ní àárín ìlú tí wọ́n sì lọ tún kọ́ sí ibòmíràn ní 1879. Òun náà ti di ibi tí wọ́n ti ń gun ògiri. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ìyá ìjọ tó bá ka èyí yóò fọwọ́ lérí. Ẹ fara balẹ̀, mà. Bí òyìnbó ti ń sọ ilé Ọlọ́run di ibi eré, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ọmọ yín ń sọ ilé ẹrù di ilé Ọlọ́run. Ní 1998, ìjọ KICC ti Pásítọ̀ Matthew Ashimolowo sọ ilé ìkẹ́rùsí kan ní Hackney di ilé ìjọsìn tó gba 4,000 ènìyàn, títí wọ́n fi gba ilẹ̀ náà fún Olympics 2012. Ọmọ Yorùbá tó dé London kì í wo ilé tó gbó kó máa wá ẹni tí yóò wó o. Ó ń wo bí òrùlé rẹ̀ ti rí, ó ń béèrè iye tí wọ́n ń gbà lóṣù, ó ń ro ibi tí dùrù yóò wà.

Kí ló dé tí ojú yẹn fi ń fọ́ bí bàlúù bá ti balẹ̀ ní Ìkẹjà?

Ẹ jẹ́ ká gbé ilé omi Green Lanes wá sí Ìsàlẹ̀ Èkó. Kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ẹnì kan á ti fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ilé yìí kì í ṣe títà. Àbúrò á lọ gba àsansílẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀gbọ́n. Ọmọ ìyàwó kejì á dé láti ìlú òyìnbó pẹ̀lú lọ́yà. Ẹnì kan á mú àwòrán ilé gíláàsì alájà 12 wá, ilé ìtajà nísàlẹ̀, báǹkì lókè. Bí a bá wá dá a lábàá pé kí wọ́n fi ilé náà sílẹ̀, kí àwọn ọ̀dọ́ máa sanwó gun ògiri inú rẹ̀, wọn á ní kí a gbé ẹni tó sọ̀rọ̀ lọ sí Arò. Bẹ́ẹ̀, owó àwọn agungiri wọ̀nyẹn ló ń tún òrùlé ilé omi ṣe. Kì í ṣe ọgbọ́n ló ń bọ́ ilé náà, eré ọwọ́ ni, ilé náà kò sì béèrè ibi tí owó ti wá.

N kò sọ pé kí Èkó máa gun ògiri. A lè máa ta àmàlà nínú ilé àtijọ́, a lè máa kọ́ ọmọ ní kọ̀ǹpútà níbẹ̀, a lè gbé ìyàwó níbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Ohun tó ń pa ilé ni kí a sọ ọ́ di ohun ìrántí, kí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀, kí a sì fi àtúnṣe rẹ̀ sílẹ̀ fún ìdílé tí kò rówó. Òfin kì í ra páànù. Mo mọ̀ pé ìdílé tó jogún irú ilé bẹ́ẹ̀ kì í sùn, nítorí náà n kò ní bú wọn.

Ilojo Bar ní Tinubu Square lójú mi ń wò bí mo ṣe ń sọ gbogbo èyí. Ní nǹkan bí ọdún 1855, nígbà tí Mylne ń kọ́ ààfin fún ẹ̀rọ omi, ni ilé yẹn dìde l'Ékòó, ilé ìdílé Fernandez, ní ọ̀nà ìkọ́lé tí àwọn Àgùdà kó wá láti Brazil. Kì í ṣe ilé ọba, kò sì jó. Kàtàpílà ni wọ́n gbé wá bá a lọ́jọ́ Àìkú, 11 Oṣù Kẹsàn-án, 2016, ó sì di èrùpẹ̀. Láti 1956 ni ìjọba ti kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè, ọdún 15 gbáko kí àwọn ará Stoke Newington tó bọ́ síta pariwo nítorí ilé tiwọn. Nínú ilé méjèèjì, èyí tí òfin kọ́kọ́ bò ni kò sí mọ́.