Ẹ Bi Èmi Náà

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí owó ìwádìí máa ń parí ìrìn àjò rẹ̀ sí, kó wá jókòó sí ojúde mi ní Ìgbẹ́mọ-Èkìtì. Láti Abújá ni yóò ti gbéra, tàbí London, tàbí Amẹ́ríkà, wọ́n á ní mílíọ̀nù báyìí-báyìí ni. Kó tó dé Adó, ó ti ra kọ̀ǹpútà, ó ti bu epo sí mọ́tò, ó ti ṣe ìpàdé, ó ti jẹ ìrẹsì àti adìẹ ní òtẹ́ẹ̀lì, ìrẹsì òyìnbó ló sì jẹ, kì í ṣe ti Ìgbẹ́mọ. Nígbà tó bá fi máa já sọ́dọ̀ wa, ó ti di ọṣẹ ìfọṣọ kan àti báírò kan. Ìyàwó mi ló sì máa ń gbà á. Èmi, ẹ kú ilé lásán ni tèmi.

Bí àwọn olùwádìí bá dé, ọmọbìnrin méjì, tábúlẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́, wọ́n á kúnlẹ̀ kí mi dáadáa. Inú mi á dùn. Màá gbé bẹ́ǹṣì síta, màá fi aṣọ nù ún, màá jókòó, màá tún fìlà mi ṣe. Ìgbà yẹn ni ẹ̀gbọ́n nínú wọn á rẹ́rìn-ín músẹ́: "Ẹ má bínú, bàbá, màmá la fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Àwọn nìkan." Àwọn nìkan! Nínú ilé tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ́!

Ẹ má rò pé ojúmìító ni mo ń ṣe. Fèrèsé wa kò ní gíláàsì, etí mi náà kò sì ní ìdérí. Ta ló máa ń pinnu bí ẹ bá fẹ́ lọ sí ọsibítù? Ta ló máa ń pinnu bí ẹ bá fẹ́ ra nǹkan ńlá sílé? Bí obìnrin bá jẹ́ kí oúnjẹ jóná, ṣé ó tọ́ kí ọkọ rẹ̀ nà án? Kì í ṣe pé àwọn ọmọ yìí ló hùmọ̀ rẹ̀ fúnra wọn. Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ wà nínú ìwádìí ńlá lórí ìlera tí Àjọ Ètò Ìkànìyàn ń ṣe káàkiri Nàìjíríà, èyí tí àkọ́kọ́ rẹ̀ wáyé ní 1990. Ìlànà rẹ̀ sì ni pé bí ọ̀rọ̀ bá ti kan lílù nínú ilé, ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ wà nítòsí tó lè gbọ́ ọ. Mo gbà pé ó bọ́gbọ́n mu, nítorí ọkùnrin tó ń na ìyàwó rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ fetí sí fèrèsé. Àmọ́ èmi tí n kò na ẹnikẹ́ni rí, kí ni mo ṣe?

Ìyàwó mi dá wọn lóhùn pé òun ló ń pinnu nǹkan ńlá. Mo wúkọ́. Ọmọ náà béèrè irú nǹkan ńlá wo. Ó ní ọ̀kadà tó wà níta yẹn. Mo tún wúkọ́, èyí le. Ó wá gbóhùn sókè kó lè dé ọ̀dọ̀ mi: "Owó àjọ mi ni Bàbá Bọ́sẹ̀ fi rà á, kí wọ́n sọ ọ́ bó bá jẹ́ irọ́."

Ọmọ àbúrò mi kan jẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì, òun ni mo lọ fẹjọ́ sùn. Mo ní kí ló dé tí owó kì í kan ẹni tí wọ́n ń bi léèrè. Ó ní ìlànà ìwádìí ìlera tí Nàìjíríà gbé jáde ní 2007 gbà kí wọ́n san owó ọkọ̀ àti owó àkókò, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ pọ̀ débi tí yóò fi tan ènìyàn. Ẹ gbọ́ o. Ẹ̀rù ń bà wọ́n kí wọ́n má tàn mí. Ta ló bẹ̀ wọ́n? Ẹ tàn mí! Mo ti múra sílẹ̀.

Ọmọ yìí kan náà kì í sùn lóru, ìwé béèrè owó ló ń kọ. Ọ̀dọ̀ TETFund, àjọ tó ń fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga lówó, tí òfin 2011 gbé kalẹ̀, ni ojú rẹ̀ wà. Owó-orí orí èrè àwọn ilé-iṣẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é, wọ́n sì ti ń fún iṣẹ́ ìwádìí kan ṣoṣo ní owó tó lè tó mílíọ̀nù 50 náírà. Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Mo wá ibì kan jókòó.

Mílíọ̀nù 50 ní àgbàlá wa! Ìrẹsì ni Ìgbẹ́mọ fi lórúkọ, àwọn obìnrin ló sì ń bọ̀ ọ́. Wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi pẹ̀lú èèpo rẹ̀, wọ́n á kó o sínú dúrọ́ọ̀mù, wọ́n á gbé e karí ààrò. Bó bá di ìgbà òjò tí igi tutù, èéfín á máa tẹ̀lé ìyàwó mi síbikíbi tó bá yí sí. Á di ojú kan, á fi èkejì wo iná. Àwọn olùwádìí kan ti wá bi í rí bóyá ó máa ń wúkọ́ tó bá ń bọ ìrẹsì. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú tábúlẹ́ẹ̀tì. Ṣé púpọ̀ ni àbí díẹ̀? Ó wúkọ́ fún wọn, ó ní kí wọ́n fúnra wọn yàn. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n lọ. Títí dòní, a kò gbọ́ ohun tí ikọ́ náà dà níbi tí wọ́n gbé e lọ. Ó ṣeé ṣe kó ti sọ ẹnì kan di ọ̀jọ̀gbọ́n. Èkìtì la wà, ọ̀jọ̀gbọ́n kò wọ́n wa. Ààrò tí kì í rú èéfín ló wọ́n wa.

N kò sọ pé ìwádìí kò lérè o, kí àwọn ará Ẹ̀fọ̀n-Alààyè má baà ránṣẹ́ pè mí. Ọmọ Ẹ̀fọ̀n ni Grace Ọládùnní Taylor, tó ṣèwádìí ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn, tó sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gba àmì-ẹ̀yẹ L'Oréal àti UNESCO fún àwọn obìnrin onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní 1998. Ọmọ Ẹ̀fọ̀n náà ni Adéyínká Fálúsì tó gbà á ní 2001, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ lórí àwọn àrùn ẹ̀jẹ̀ àjogúnbá bíi fòníkú-fọ̀ladìde. Ìlú kan ṣoṣo, ẹni méjì! Kí ló wà nínú omi wọn? Ilé-iṣẹ́ tó ń náwó àmì-ẹ̀yẹ ọ̀hún ló sì ni Dark and Lovely tí ìyàwó mi fi ń tún irun ṣe. Ẹ ò wá rí i pé èmi náà ń ṣonígbọ̀wọ́ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀, pàápàá bí Kérésì bá ti ń sún mọ́lé.

Àfi bí 2025 ṣe dé. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kìíní tí Trump padà sórí àlééfà, ó fọwọ́ sí i pé kí owó ìrànwọ́ Amẹ́ríkà fún ilẹ̀ òkèèrè dúró ná, ó tún fọwọ́ sí i pé kí ìjọba rẹ̀ má ṣe náwó mọ́ lórí ohun tó pè ní èrò jẹ́ńdà. Nígbà tó di oṣù Kejì, ètò tí USAID, àjọ ìrànwọ́ Amẹ́ríkà, fi ń ti irú ìwádìí ńlá tí mo sọ yẹn lẹ́yìn káàkiri ayé ti gba ìwé kó dáwọ́ dúró. Nígbà tó di oṣù Keje, USAID fúnra rẹ̀ ti kógbá wọlé. Ọmọ àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ jẹ́ńdà kúrò nínú ìwé rẹ̀ bí ẹni ń ṣa òkúta inú ìrẹsì.

Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni kò kan ilẹ̀kùn wa mọ́. Ẹ lè rò pé inú mi dùn. Rárá o! Nígbà tí owó wà, wọn kò bi mí. Owó wá tán kó tó kàn mí. Bẹ́ẹ̀ ìdáhùn ti wà nílẹ̀. Ẹ̀yìn ń dùn mí, mo ń dìde tọ̀ lóru ṣáá, n kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí kò sẹ́ni tó béèrè.

Ìyàwó mi tó ti dáhùn ìbéèrè gbogbo ayé ti wá mọ bí wọ́n ṣe ń bi í. Lálẹ́ àná ló gbé àga kò mí lójú: ẹ̀ẹ̀melòó ni mo ń dìde lóru, láti ìgbà wo, ìgbà wo ni mo yẹ ìfúnpá mi wò gbẹ̀yìn? Mo ní ta ló fún un lówó ìwádìí. Mo ní mo lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀, ó wà nínú ìwé ìlànà ìwádìí. Ó ní tòun kò ní ìwé, òun ti pinnu: Ọjọ́ Ajé là ń lọ sí ọsibítù l'Adó, kí n yáa bu epo sí ọ̀kadà òun.