Ẹ Jù Ṣọ́bìrì Nù, Ẹ Gbé Kálámù

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ bíríkìlà, ẹ gba ìmọ̀ràn ọ̀fẹ́ lónìí. Ìyà yín ti pọ̀ jù. Láti àárọ̀ dalẹ́ lẹ ń po yanrìn mọ́ sìmẹ́ǹtì, ẹ ń ru búlọ́ọ̀kù gun òkè, bó bá wá di ọjọ́ owó, onílé á ní kí ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ta ló fi yín ṣépè? Iṣẹ́ ìkọ́lé tó lówó lórí jù ní Nàìjíríà kò gba búlọ́ọ̀kù kankan. Ìwé àdéhùn nìkan ló ń gbà.

Ẹ wo àwọn ọ̀gá nídìí iṣẹ́ náà, iléeṣẹ́ òyìnbó kan, Process and Industrial Developments, tí gbogbo ayé mọ̀ sí P&ID. Ní oṣù kìíní ọdún 2010, wọ́n bá ìjọba àpapọ̀ tọwọ́ bọ̀wé pé àwọn máa kọ́ ibùdó tí wọ́n á ti máa sẹ́ gáàsì sí Kàlàbá. Ìjọba á gbé gáàsì wá, iléeṣẹ́ á sẹ́ ẹ, á dá èyí tó mọ́ padà lọ́fẹ̀ẹ́ kí a fi tan iná mànàmáná, á sì ta àwọn nǹkan iyebíye tó sẹ́ jáde jẹ èrè. Ogún ọdún ni àdéhùn, nǹkan bí ogún ojú ìwé ni wọ́n sì kọ ọ́ sí. Ojú ìwé kan fún ọdún kan: ta ló ní wọn ò ṣètò?

Ìjọba kò gbé gáàsì wá. Iléeṣẹ́ kò gbẹ́ ìpìlẹ̀. Ká ní èmi àtẹ̀yin ni, a ó ní ọ̀rọ̀ parí, kálukú á gba ilé rẹ̀ lọ. Ẹni tó mọṣẹ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 2012, P&ID gbé Nàìjíríà lọ síwájú ìgbìmọ̀ onílàjà ẹlẹ́ni mẹ́ta ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tó di oṣù kìíní ọdún 2017, méjì nínú wọn ní kí a san bílíọ̀nù 6.6 dọ́là, èrè ogún ọdún lórí ibùdó tí ojú ẹnikẹ́ni kò rí. Ẹnì kẹta, Olóyè Báyọ̀ Òjó, tó ti ṣe mínísítà ètò ìdájọ́ rí, ní tòun kò ju mílíọ̀nù 250 dọ́là lọ. Ìyẹn ni iye ẹ̀dínwó.

Wọ́n tún fi èlé lé e, ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dọọdún. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ó lé ní mílíọ̀nù kan dọ́là lójúmọ́. Kò sí onílé kankan ní Ìkòyí tó ń gba irú owó ilé bẹ́ẹ̀, àwọn yẹn sì kọ́lé o! Kí ó tó di ọdún 2023, gbèsè náà ti kọjá bílíọ̀nù 11.

Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́. Tiwa tún ju bẹ́ẹ̀ lọ: a kò tíì mọ ògiri tí aláǹgbá ti wà nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹwàá ọdún 2023, Adájọ́ Robin Knowles ti ilé ẹjọ́ gíga ní Lọ́ńdọ̀nù ní èrú ni P&ID fi gba ìdájọ́ náà. Wọ́n ti fún ọ̀gá agbẹjọ́rò ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí epo rọ̀bì ní àbẹ̀tẹ́lẹ̀, ẹni tó yẹ kó máa ṣọ́ ìwé àdéhùn fún wa. Wọ́n parọ́ nínú ẹ̀rí. Ìwé àṣírí tó wà láàárín Nàìjíríà àti àwọn lọ́yà rẹ̀ tún wà lọ́wọ́ wọn bí ẹjọ́ ti ń lọ. Ohun tí a fẹ́ rò, wọ́n ti kà á kí a tó lanu.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni owó ẹjọ́. Adájọ́ ní kí P&ID dá owó tí Nàìjíríà ná padà, ó lé ní mílíọ̀nù 40 pọ́n-ùn. Àwọn tó ti ń ka dọ́là láti ọjọ́ yìí wá rántí lójijì pé náírà ni owó ilẹ̀ wa, wọ́n ní náírà làwọn máa san, nígbà tí náírà ti já wálẹ̀ pátápátá! Lọ́dún 2024, ilé ẹjọ́ kòtẹ́mílọ́rùn níbẹ̀ ní kò jọ ọ́, pọ́n-ùn ni kí wọ́n san.

Ẹ má rò pé òyìnbó nìkan ló mọ iṣẹ́ yìí. Lọ́dún 2011, ìgbìmọ̀ tí ààrẹ gbé kalẹ̀ ka iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ 11,886 tí wọ́n pa tì káàkiri. Ojú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, tí wọ́n gbé fún Bi-Courtney lọ́dún 2009 fún ọdún 25, ìjọba ti gbà á padà kí ọdún 2012 tó parí. Ọdún mẹ́ta ni ìwé fi wà nínú fáìlì, tí ihò sì wà lójú títì.

Ẹ̀yin onílé, ẹ rọra rẹ́rìn-ín. Ẹ ní kí agbaṣẹ́ṣe tọwọ́ bọ̀wé, ó ní, "Alàájì, ṣé ẹ ò fọkàn tán mi ni?" Ojú tì yín, ẹ sanwó. Ẹ̀yìn àpò sìmẹ́ǹtì ló ṣírò iṣẹ́ sí. Kò sí ọjọ́ tí yóò parí, kò sí ẹni tí yóò fara gbá a bí irin bá wọ́n sí i. Irin wọ́n, ó sá, ẹ gba tésàn lọ. Òfin Ọlọ́pàá ọdún 2020 sì ti ní kí wọ́n má ṣe mú ẹnikẹ́ni kìkì nítorí pé ó yẹ àdéhùn. Àpò sìmẹ́ǹtì ni ẹlẹ́rìí yín, ẹ sì ti fi dáná.

Lóòótọ́, a jó nígbà tí a borí ní Lọ́ńdọ̀nù. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ tí a jẹ kò tan gílóòbù kan, gáàsì ṣì ń jó dànù ní Niger Delta. Owó lọ́yà tó máa bá yín ka ìwé kí ẹ tó tọwọ́ bọ̀ ọ́ kò tó ti lọ́yà tó máa bẹ adájọ́ fún yín lẹ́yìn náà. Ẹ wá èyí àkọ́kọ́ rí, kí ẹ sì bi í dáadáa bóyá ó ti jẹun wá láti ilé kejì.