Fóònù Tó Kọ̀ Tí Kò Kú

Ọjọ́ Àìkú kan ni, ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Old Kent Road, Lọ́ńdọ̀nù. Pásítọ̀ ní ká pa fóònù wa kí àdúrà tó gbóná. Mo yọ tèmi jáde, fóònù tuntun tí mò ń san owó rẹ̀ lóṣooṣù bí ẹni ń san owó ilé. Mo tẹ bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Láyé ọjọ́sí, bọ́tìnnì yẹn ló ń pa fóònù. Èyí kò kú. Obìnrin kan ló dáhùn látinú rẹ̀, ó ń bi mí pé kí ni òun lè bá mi ṣe. Ìyàwó mi yíjú wò mí.

Ọmọ mi sọ ọ́ sí mi létí pé bọ́tìnnì méjì là ń tẹ̀ pọ̀ báyìí. Mo tẹ méjèèjì, mo tètè yọwọ́, ni fóònù bá ya fọ́tò ojú ara rẹ̀. Mo tún un tẹ̀, ó tún òmíràn yà. Mo ní kò burú, èmi pẹ̀lú ẹ lónìí. Mo fún un mọ́lẹ̀ bí ẹni fún ejò lọ́rùn. Àṣé téèyàn bá tẹ̀ ẹ́ pẹ́, ohun tó máa rò ni pé olè ló ká olówó òun mọ́. Ó figbe ta bíi fèrè ọkọ̀ ọlọ́pàá, ó ń ka nọ́ńbà sẹ́yìn, kí n sì tó mọ ibi tí màá fọwọ́ kàn, ó ti pe 999.

Ẹni tó gbé ìpè náà ń béèrè èwo ni mo fẹ́: ọlọ́pàá ni, panápaná ni, àbí áńbúláǹsì? Ìgbà yẹn gan-an ni àdúrà wọ Pásítọ̀ lára. Ó ké: "Fáyà!" Nǹkan bí igba èèyàn gbè é: "Fáyà! Fáyà!"

Mo sá jáde lọ síbi tí wọ́n ń to agolo ìdọ̀tí sí, mo ń ṣàlàyé pé kò sílé tó ń jó, pé iná Ẹ̀mí Mímọ́ ni. Ẹ gbìyànjú kí ẹ túmọ̀ ìyẹn fún òyìnbó tó ti ń béèrè àdírẹ́sì.

Màmá mi ní Ìbàdàn kò mọ irú ìyà yìí. GSM wọ Nàìjíríà ní 2001. Nígbà tí Nokia 1100 jáde ní 2003, òun ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, nítorí tọ́ọ̀ṣì tó wà lórí rẹ̀. Ẹni tó ṣe fóònù yẹn, bí kò tiẹ̀ mọ Ìbàdàn, ó mọ irú ẹni tí NEPA jẹ́. Èyí tó wà lọ́wọ́ wọn báyìí kì í ṣe Nokia mọ́, àmọ́ wọ́n fi ìwà jọra: ẹ tẹ aláwọ̀ ewé kí ẹ fi pe èèyàn, ẹ tẹ pupa mọ́lẹ̀ kí ó kú. Ó sì máa ń kú lóòótọ́.

N kò ní pé ilé sàn jù o. Kó tó di 2023 tí NCC, àjọ tó ń bójú tó ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, ní kí *310# jẹ́ ti gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ẹni tó bá ní síìmù mẹ́ta á fẹ́rẹ̀ẹ́ máa há kóòdù tí a fi ń wo kírẹ́díìtì sórí bí ọmọ awo ṣe ń há odù. Ti báńkì ló wá le jù. Ẹ tẹ 1, ẹ tẹ 2, ẹ tẹ nọ́ńbà àṣírí yín. Kí Màmá tó rí awò ojú wọn, ó ti já. Ṣùgbọ́n Màmá kì í dá bá fóònù jà. Ọmọ oníPOS wà lábẹ́ agboòrùn lẹ́nu ọ̀nà, á gbà á, á tẹ̀ ẹ́, á tún bi wọ́n pé ṣé ẹsẹ̀ ti ṣíwọ́ ríro. Ní àdúgbò tiwa ní Lọ́ńdọ̀nù, nígbà tí wọ́n hú ẹ̀rọ tí a fi ń sanwó ìgbọ́kọ̀sí, pátákó ni wọ́n rì síbẹ̀: ẹ lo áàpù. Ta lèèyàn fẹ́ bi? Pátákó?

Nígbà tí mo lọ sílé lọ́dún Kérésì, mo gbé fóònù mi lọ bá ọmọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe ní Mókólà. Mo ti rojọ́ dé ìdajì kó tó gbà á. Ó wọ inú Settings, ìka rẹ̀ ń fò bíi ti onísákárà, ni nǹkan funfun roboto kan bá yọ sójú fóònù. "Dádì, ẹ máa tẹ ibí. Ẹ fẹ́ pa á, ó wà níbẹ̀. Ẹ fẹ́ kí ó kú kó sì tún jí, ó wà níbẹ̀."

Mo bi í níbo ló ti rà á.

"Ó ti wà nínú ẹ̀ látìgbà tẹ́ ẹ ti rà á, sà. Wọ́n kàn fi pamọ́ fún yín ni." Ó ní owó omi tútù náà ti tó òun.

Lálẹ́, Màmá ń wò ó yí po. "Àkànní, èló lo ra èyí?" Mo sọ ọ́ ní pọ́n-ùn. Wọ́n sọ ọ́ di náírà sínú, wọn ò fọhùn fúngbà díẹ̀. "Ṣé ó ní tọ́ọ̀ṣì?"

Mo ní ó ní, tó mọ́lẹ̀ ju tiwọn lọ. Ibi tí mo ti ń fọ́nnu ni wọ́n ti mú iná lọ. Mo fi ìka fa ojú fóònù wálẹ̀, mo fà á sókè, mo gbá a sẹ́gbẹ̀ẹ́, ni obìnrin inú rẹ̀ bá tún bi mí pé kí ni òun lè bá mi ṣe. Màmá ti tan tiwọn. Wọ́n ń fi wá awò ojú mi lábẹ́ àga, kí n lè rí ibi tí tọ́ọ̀ṣì tèmi wà.